Iyọ̀ Nìkan Kọ́ Ló Ń Mú Ọbẹ̀ Dùn

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Èmi Bùkọ́lá, àkọ́bí yín, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí ní Kánádà. Mo kí Fúnmi, àbúrò mi tó dúró tì yín. Mo kí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń yà kí yín lẹ́yìn ìsìn. Ẹsẹ̀ wọn kò ní wọ́n nílé wa.

Fúnmi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹkún ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní láti ìgbà tí dókítà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti ga, pé kí ẹ dín iyọ̀ àti epo kù, ẹ ò jẹ nǹkan gidi mọ́. Ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ láìsí ọbẹ̀ lálẹ́, omi lẹ sì fi ń tì í sọ́nà ọ̀fun. Ó ní aṣọ yín ti ń já bọ́ léjìká. Nígbà tó bẹ̀ yín, ẹ ní kó fi yín sílẹ̀, pé ẹni tí wọ́n bá ti gba adùn lẹ́nu rẹ̀, ikú ló kù tó ń dúró dè. Màámi, ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Gbangba ni mo sì ti ń kọ lẹ́tà yìí, kí ẹlòmíràn náà lè kà á, torí mo mọ̀ pé ilé wa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, mo ṣubú níbi iṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń gbé wọn, à ń wẹ̀ wọ́n, à ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá òyìnbó kan ni mo ń bá wọ ṣòkòtò tí òòyì fi kọ́ mi. Ìgbà tí mo lajú, ọsibítù ni mo bá ara mi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó fún mi lóògùn, ó sì ní kí n tún oúnjẹ mi ṣe.

Ohun tí ẹ̀ ń ṣe yìí gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣe. Adìyẹ bíbọ̀, ewébẹ̀ bíbọ̀, ìrẹsì funfun; kò síyọ̀, kò sáta, kò sóòórùn. Mo máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé jẹ ẹ́, n ó máa wo yìnyín níta, omijé á sì máa kán sínú àwo. N kò lè fara dà á. Mo padà sídìí núdù inú ọ̀rá àti adìyẹ dídín inú fírísà, àwọn tí iyọ̀ kún inú wọn bámúbámú.

Mo ní alábàákẹ́gbẹ́ nídìí rẹ̀. Ṣọlá, ọmọ Ayépé tí mo máa ń dárúkọ fún yín, ló ń gbé yàrá kejì nínú ilé tí a jọ háyà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá òun náà fínra. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, á se ìkọ́kọrẹ́ bí ẹni tó ń sàsè, epo á léfòó lójú rẹ̀, kúùbù amọ́bẹ̀dùn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ẹja lọ. Ó máa ń ní òun ti kúrò ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ò tún ní gba oúnjẹ Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ òun. N ó rẹ́rìn-ín, n ó sì tún bù sí i. Oògùn rẹ̀ wà lórí fírísà níbẹ̀, kò lò ó. Ó ní ara òun ti yá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú gbì nílé ìwẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹnu Ṣọlá ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbé. Ó fẹ́ pe orúkọ mi, ohùn lásán ló ń jáde. Ní ọsibítù, wọ́n ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, pé ọ̀fun rẹ̀ kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú, òun ni wọ́n ń gbà bọ́ ọ.

Ó máa ń fi ọwọ́ òsì kan ẹnu rẹ̀, á sì wò mí lójú. Mo mọ ohun tó ń béèrè. Ní Sunday kan, mo se ìkọ́kọrẹ́ díẹ̀, mo gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ fi kàn án lẹ́nu, pé á há a lọ́fun. Mo kàn ṣí ìdérí abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ni. Ó fa òórùn náà símú, ó dijú, omijé sì ń ṣàn wọ inú etí rẹ̀. Màámi, mo ti rí òkú níbi iṣẹ́ mi. N kò rí ohun tó dùn mí tó yẹn rí. Kò pẹ́ sígbà náà tó kú.

Èmi ni mo pe ìyá rẹ̀ ní Ayépé. Wọ́n kọ́kọ́ ní irọ́ ni mo ń pa. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ta ló ṣe é, ta ni ọmọ àwọn ṣẹ̀ nílẹ̀ onílẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó ṣe é, àìsàn ni. Wọ́n wá béèrè pé kí ni ọmọ àwọn ń jẹ lọ́hùn-ún. Mo ní ìkọ́kọrẹ́ ni, n kò sọ pé a jọ ń jẹ ẹ́ ni. Ilẹ̀ ti dì bí òkúta lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Orí fóònù ni ìyá rẹ̀ ti ń wò wá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ di ẹ̀rù fún mi. Ikú ni oníyọ̀, ìbànújẹ́ ni aláìníyọ̀. Ọjọ́ kan ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, òórùn irú gbà mí nímú, mo sì rántí ilé ìdáná màmá àgbà l'Ódògbolú. Kò sí kúùbù kankan níbẹ̀. Iyọ̀ wọn kò ju ohun tí orí ìka méjì lè mú lọ. Síbẹ̀, a máa ń fìka nu ìṣasùn lá. Kí ni wọ́n wá ń fi sí i? Irú, ẹja tí wọ́n fi èéfín yan, edé, alùbọ́sà, ata tó gbẹ dáadáa lórí iná. Mo ra gbogbo rẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ sè kò dùn o, n kò ní purọ́. Ata jóná, irú sì pọ̀ jù. Èkejì sàn díẹ̀. Mo wá rí i pé sùúrù ni. Mo máa ń jẹ́ kí alùbọ́sà pẹ́ nínú epo ṣíbí kan títí á fi pọ́n, tí á máa ta sánsán. Atalẹ̀ àti ááyù á tẹ̀ lé e, ata á gbẹ, irú á wọlé. Mo máa ń fi omi gbígbóná ṣan ẹja gbígbẹ kí iyọ̀ ara rẹ̀ lè dín kù. Efinrin ló ń kẹ́yìn, bí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ewùrà tí mo ń rin fún ìkọ́kọrẹ́ kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀fọ́ ló gba ìdajì àwo.

Ahọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́, Màámi. Kò tètè gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Ẹnì kan fún mi ní adìyẹ dídín inú fírísà yẹn níbi iṣẹ́, iyọ̀ rẹ̀ ta mí lẹ́nu, mo tu ú dànù. Mo délé, mo gbé ọbẹ̀ mi kaná, mo jẹ ẹ́, ó dùn mọ́ mi débi pé mo ń kọrin. Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí àga tí Ṣọlá máa ń jókòó sí. Orin náà kú sí mi lẹ́nu.

Màámi, dókítà kò ní kí ẹ máa jẹ ìyà. Mo ti sọ gbogbo bí mo ṣe ń sè é fún Fúnmi. Ẹ jẹ́ kó sè é. Bí tàkọ́kọ́ kò bá dùn, ẹ bá a wí bí ẹ ṣe máa ń bá wa wí nídìí iná nígbà tí a wà lọ́mọdé, kó tún un sè. Ẹ má sì pa oògùn tì nítorí pé ara yá.

Fúnmi ní ẹ̀ ń béèrè ìgbà tí n ó wálé. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, n kò sì mọ ìgbà tó máa jáde. Ohun tó ń já mi láyà ni kí ó jáde tán, kí n délé, kó jẹ́ ibojì ni wọ́n ó mú mi lọ wò. Ẹ jẹun, Màámi. Ẹ jẹ ẹ́ kó dùn mọ́ yín lẹ́nu.

Olúwa yóò fún yín ní ìlera, yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa, a ó sì fojú kan ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará ìjọ àti gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé Ayépé, ẹ lọ wo ìyá Ṣọlá. Mo gbọ́ pé àwọn náà kì í jẹun mọ́. Bí Fúnmi bá ti sè é, ẹ bu tiwọn dání, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ jẹ ẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Bùkọ́lá