Ẹ̀rọ Orí Òkè Ń Dúró Dè Ọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ. Ṣé o ń jẹun dáadáa? Iṣẹ́ kò ní mu ọ́ lómi o. Ara mi le, ti bàbá rẹ náà ń le díẹ̀díẹ̀, àfi ohùn rẹ̀ tó rẹlẹ̀ látìgbà àìsàn ọ̀fun yẹn. Kò fẹ́ fóònù mọ́, torí wàá ní o ò gbọ́, wàá sì pa á. Ó dùn ún gan-an.

Ṣùgbọ́n òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń fi rédíò bára wọn tàkúrọ̀sọ fún ìgbádùn lásán ti gbé ẹ̀rọ kan sórí òkè. Atúnsọ ni wọ́n ń pè é: tó bá gbọ́ ohùn tí kò lágbára, á tún un sọ títí dé ìlú ńlá. Mo ní oògùn ọ̀fun bàbá rẹ ti dé nìyẹn. Oníṣẹ́ iná tó bá wọn so wáyà rẹ̀ ní ẹ̀rọ kì í wo ọ̀fun.

Ìjọba ní àwọn ò ní fún wọn níwèé àṣẹ, àfi kí ọkùnrin tó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú kejì gbà pé tiwa kò ní dí tòun lọ́nà, ọkùnrin náà ò sì fèsì. Mo rò pé ìjà ni, mo bá lọ sílé rẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ rẹ̀ lórí tábìlì, mo ní kó má bínú, àbúrò ni tiwa, kò ní jágbe mọ́ ọn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó béèrè ohùn ẹni tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, mo sọ fún un. Ó ní kí ohùn tiwa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, kó má bàa kọlu tòun, ó sì fọwọ́ síwèé lójú mi.

Àṣẹ ti dé. Ẹ̀rọ náà máa ń súfèé orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, káyé lè mọ̀ pé òun ni, èmi náà á sì kí i padà. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ìkùukùu bá bo òkè, bàbá rẹ á pè ọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú rédíò ilé ìdáná. Ohùn náà ò ga, àmọ́ kì í já. Á sọ ti òjò, á sọ bó o ṣe máa ń sùn léjìká òun. Tó bá dákẹ́, ẹ̀rọ náà á ṣì máa mí díẹ̀ kó tó dákẹ́. Bàbá rẹ ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Èmi mọ̀ pé ìwọ ló ń dúró dè.

Jọ̀ọ́, fi owó bátìrì ránṣẹ́, kó o sì yọ rédíò tí bàbá rẹ fún ọ kúrò nísàlẹ̀ àpótí. Wọ́n ní o lè gbọ́ láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ fèsì, àfi kó o ṣe ìdánwò, kó o gba àṣẹ tìrẹ. Lọ gbà á, ọmọ mi. Ìyẹn ni mi ò mọ ẹni tí mo lè kúnlẹ̀ fún.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohùn rẹ bá ti bàbá rẹ láyé.

Èmi ni, ìyá rẹ.