Bí Wọ́n Ṣe Fi Mí Ṣe Ikọ̀ Nítorí Omi Kànga

Agbowó, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 1996.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Bàdírátù,

Àsàlámù àlékúmù. Kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá yín lórí àìsàn, àmín. Mo kí Bàbá àti Màmá àti gbogbo ará ilé wa ní Kíṣí. Ara èmi àti ọkọ mi le, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mọ́ mi nínú, n ò sì lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn kó má dà bíi pé mò ń fọ́nnu. Ilé tí à ń gbé ò ní kànga. Kànga Àlàájà Mùtíátù tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa là ń fà. Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ń fọṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, ẹ̀bá kànga yẹn ló sì ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí omi ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà sínú kànga, Àlàájà fi àgádágodo tì í pa. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí! Omi àwọn mẹ́ruwà tó ń kiri la wá ń rà mu.

Ilé wa ti rán èèyàn lọ bẹ̀bẹ̀ rí. Ẹni tó bá lọ á ṣàdéhùn, tó bá délé, wọ́n á ní, "Ta ló ní kó gbà bẹ́ẹ̀?" Inú bí Àlàájà. Wọ́n ní ẹni tó lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ làwọn fẹ́ rí, kì í ṣe ẹni tí yóò tún ní òun ń lọ bi wọ́n wò nílé.

Mánsúrù ọkọ mi, ẹ mọ̀ pé rédíò kì í kúrò létí ẹ̀, ló ní bẹ́ẹ̀ làwọn ìjọba náà ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ parí ogun. Wọ́n á rán ikọ̀ tí wọ́n fún láṣẹ pátápátá. Ohun tí ikọ̀ bá fọwọ́ sí, ìlú rẹ̀ ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ni Bàbá Àyànkúnlé, àgbà ilé wa, bá nàka sí mi. Wọ́n ní èmi nìkan ni n ò tíì bá ẹnikẹ́ni jà nínú ilé méjèèjì. Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ ní, "Ìyàwó tó bá kí èèyàn, èèyàn ò ní gbọ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé ohun tí mo bá sọ, àwọn ti sọ ọ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ náà á sá lọ bi wọ́n wò?" Mo ní, "Rárá, mà. Èmi ni gbogbo wọn." Wọ́n ní àwọn á ṣí kànga, tí Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ ò bá ní fọṣọ ládùúgbò náà mọ́ láéláé.

Àǹtí mi, mo láṣẹ láti gbà. Gbogbo ilé ì bá rómi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n aṣọ fífọ̀ yẹn ni obìnrin yìí fi ń bọ́ ọmọ, òun náà sì ti fi ẹnu rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo kúnlẹ̀ torí pé ìyá mi lẹ jẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán mi ni ò lè kúnlẹ̀. N ò lè gba èyí." Ẹ̀rù ara mi bà mí! Àlàájà pariwo, "Hàà! Ẹ gbọ́ ẹnu ìyàwó tí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀!" A wá jọ rò ó. Ẹ̀yìn ilé tiwa ni Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ yóò ti máa fọṣọ, àwọn ọkùnrin ilé wa yóò gbẹ́ gọ́tà tí yóò gbé omi ọṣẹ lọ sójú títì, tí gọ́tà bá sì ti parí, kànga di ṣíṣí. Mo gbà á lórúkọ gbogbo wọn.

Mo délé, mo rò ó fún wọn. Akínsànyà tó ń gbé yàrá iwájú fò dìde: "Èmi ò rán ẹnikẹ́ni pé kó lọ sọ mí di lébìrà o!" Ojú tì mí. Mo ní ó ti bàjẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá nìyẹn. Ni Bàbá Àyànkúnlé bá ká ṣòkòtò sókè, wọ́n gbé dìgà. Wọ́n ní, "Ẹnu mi ni ìyàwó gbé lọ síbẹ̀. Mo ti gbà." Wọ́n sì ṣá a mọ́lẹ̀, tàgbàtàgbà wọn. Mánsúrù sáré gba dìgà lọ́wọ́ wọn, Akínsànyà náà wá ṣọ́bìrì rí, ó ń kùn, ó ń gbẹ́ ẹ. Nígbà tí gọ́tà parí, Àlàájà fọwọ́ ara wọn ṣí kànga. Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ ló kọ́kọ́ fà á. Ó gbé omi náà wá, ó dà á sínú ìkòkò omi tèmi.

Ọlọ́run yóò bá wa dá ẹ̀mí ara wa sí, a ó jọ fojú ayọ̀ ríra, àmín.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Safiyyah, ìyàwó Mánsúrù.

Mo tún rántí: Tí ẹ bá ń kà á fún Bàbá, ẹ bá mi fo ibi tí mo ti sọ fún Àlàájà pé n ò gbà. Ẹ kàn sọ fún wọn pé mo kúnlẹ̀ dáadáa.