Bàbá Mi Ni Ọ̀daràn Inú Gbogbo Ìwé Mi

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, nítorí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lórí page yìí, ìyàwó mi gan-an sì máa ń kà á. Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí mi ti dàrú. Ìwé ni mo ń kọ jẹun... kì í ṣe ìwé ilé-ìwé o, ìwé ọ̀daràn àti ọlọ́pàá ni, àwọn thriller tí ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ tí kò ní lè gbé sílẹ̀, àti comic, ìwé aláwòrán tí tọmọdé tàgbà ń rà. Gbogbo ohun tí mo ti kọ láyé mi, láti orí ìwé àkọ́kọ́ títí dórí comic tó wà lọ́wọ́ báyìí, ọ̀daràn kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. The Director ni wọ́n ń pè é. Bàbá mi ni. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Galadimawa l'Abuja níbí, tó bi mí ní ìbéèrè kan lónìí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń dúró kí n dá òun lóhùn. Inú mọ́tò ni mo wà tí mo ń kọ èyí, nínú compound ara mi, nítorí mi ò lè wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bú mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n ń kó mínísírì wọn kúrò l'Ékòó wá sí Abuja, ó kó èmi àti ìyá mi lọ sílé ní Ẹ̀kìtì, ó ní kí òun kọ́kọ́ wá ibi tí a máa gbé. Ọjọ́ tó ń lọ, ó ní òun máa padà wá lọ́jọ́ Friday. Ó sì wá ní Friday yẹn lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó yá ó di ìgbà Kérésì nìkan, nígbà tó tún yá ó di kó máa ránṣẹ́ nìkan, àti ọ̀rọ̀ Friday yẹn ṣá. Gbogbo Friday ni ìyá mi máa ń se oúnjẹ tí á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ní jẹun, á ní ẹni tó ń bọ̀ kò tíì dé. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, a ránṣẹ́ sí bàbá mi, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Friday. Ó dé... ìyá mi ti wà ní mọ́ṣúárì. Títí di òní, mi ò tíì bi í pé kí ló dá a dúró, òun náà kò sì sọ. Báwo ni ọmọ ṣe ń bi bàbá rẹ̀ nírú ìbéèrè yẹn? Ẹ̀yin, ṣé ẹ lè bi bàbá yín?

Ìwé ni mo fi bi í. Abuja ni wọ́n pín mi sí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé mi ò lè kọ ènìyàn tí mi ò mọ̀, ọ̀daràn mi gbọ́dọ̀ ní ìṣe tí mo ti fojú rí. Ìwé àkọ́kọ́, ọ̀gá kan ní mínísírì ló ta ilẹ̀ ìjọba, ó wá ń pa gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fún un ní ìwúkọ́ bàbá mi, mo fún un ní bí bàbá mi ṣe máa ń yí ojú aago sí abẹ́ ọwọ́, mo mú un lọ sí ọjà ẹja ní Kado, ó ń ṣí etí ẹja wò kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, gẹ́lẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe. Mo wá fi gbólóhùn yẹn sí i lẹ́nu. "I will be back on Friday." Ẹnikẹ́ni tí Director bá sọ ọ́ fún, onítọ̀hún kò ní rí Friday. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀ ju ọlọ́pàá tó ń lé e lọ! Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára T-shirt. Mo fẹ́ pa á nínú ìwé kẹta, àwọn tó ń tẹ ìwé mi kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní bí Director bá kú, kí ni a óò máa tà? Bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ lọ, ìwé lórí ìwé, inú sì ń dùn mí, kí n má parọ́. Nígbà tó kan comic, ẹni tó ń yàwòrán ní kí n fi fọ́tò irú ojú tí mo ń rò ránṣẹ́, deadline ti dé ọrùn, mo kàn fi fọ́tò bàbá mi ránṣẹ́... tòun ti safari suit rẹ̀, tòun ti pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn jàǹdùkú Director gbọ́dọ̀ máa kì í bó bá ń wọlé. Oríkì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ sórí láyé mi, èyí tí ìyá mi fi máa ń kí bàbá mi láàárọ̀. Àjàní, ọmọ agòkè-má-wẹ̀yìn. Òun náà ni mo kọ síbẹ̀. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀? Ta ló ń fi oríkì ilé bàbá rẹ̀ ki ọ̀daràn?

Mo rò pé kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé. Bàbá mi kì í ka ìtàn òyìnbó, Bíbélì Yorùbá àti ìwé ìròyìn ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè dá gbé mọ́, mo sì lọ mú un wá sílé mi. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣe bàìbàì. Ìyàwó mi máa ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ó ní kí Daddy má bàa máa wo ògiri, òun á máa ka ìwé mi fún wọn lọ́sàn-án. Abuja ni wọ́n bí ìyàwó mi sí, Yorùbá tó gbọ́ pọ̀ ju èyí tó lè sọ lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú, ó ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó dé ibi oríkì yẹn nínú comic, bàbá mi ní kó dúró. Ó ní kó tún un kà. Ó ṣí fìlà lórí, ó bú sẹ́kún. Ó ní ọmọ òun ti sọ òun di ẹni ńlá nínú ìwé, ó ní láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó kì òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ rí i? Ó rò pé òun ni akọni inú ìtàn náà. Mi ò mọ ohun tí ìyàwó mi ń kà fún un títí mo fi bi í ní kíṣìnnì. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ òun láàárọ̀, kóun wá wo ojú wọn lọ́sàn-án kóun sọ pé ẹ ti pa èèyàn mẹ́ta, pàápàá tí ojú wọn nìyẹn nínú àwòrán. Ó ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́nu tirẹ̀, Director ló ń lé olè kiri ní mínísírì, ibi tó bá ti pa ènìyàn, ìyàwó mi á fò ó tòun ti gbólóhùn Friday tó ṣáájú rẹ̀, tàbí kó ní ó mú onítọ̀hún lọ sí station. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ojú Daddy yà á. Mo ní ìtàn lásán ni. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ Friday fún un rí.

Ọ̀rọ̀ wá kúrò nínú ilé. Mai-gadi wa ti ń kí i ní "Sannu, Director," bàbá mi á sì dáhùn "Yauwa" pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Abuja. Launching comic tó kẹ́yìn ti dé tán, wọ́n ti gba hall, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní àwọn ń bọ̀ lódindi, pé tí wọ́n bá gbé àwòrán Director sójú screen, àwọn máa dìde, àwọn á kì í, bàbá mi á sì wà lórí ìjókòó iwájú. Mo bẹ àwọn tó ń tẹ̀wé pé ká sún un síwájú. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Mo fọwọ́ ara mi ṣera mi, mo mọ̀.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú comic tó kẹ́yìn yìí, wọ́n gbà kí n pa Director. Wọ́n yìnbọn fún un lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò amọ̀ ní abúlé Ushafa, ó wọ́ ara rẹ̀ dé ibi mọ́tò rẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa délé, ó pe ilé lórí fóònù. Mo sunkún nígbà tí mo ń kọ ọ́, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń sunkún lé lórí. Lánàá, ìyàwó mi rí i lórí tablet mi, ó kà á fún un. Ó sọ ìbọn di àìsàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn Director dùn létí rẹ̀, ó rí i bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kò yí i padà, ó túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. "Ẹ sọ fún un pé màá padà wá lọ́jọ́ Friday." Ó ní bàbá mi ní kóun tún un kà. Lẹ́yìn náà ó ní kóun gbé tablet náà lọ.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lónìí, ó ní kí n jókòó ti òun. Ẹ wò ó, látìgbà tí wọ́n ti ń kà á fún un, "èmi" ló máa ń pe Director. Á ní, níbi tí mo ti mú olè yẹn, níbi tí mo ti wọ ọjà Kado. Lónìí kò sọ "èmi" mọ́. Ó yí aago rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́, ó ní, "Ọkùnrin inú ìwé rẹ yẹn, ṣé ó padà délé?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ mú nǹkan nínú mọ́tò. Èmi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu apànìyàn, sẹ́nu ọlọ́pàá, sẹ́nu òkú pàápàá, mo sá wá jókòó sínú mọ́tò. Ẹni tó ń yàwòrán ń pè mí báyìí, ojú ewé ìkẹyìn gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ lọ́la. Nínú èyí tí mo kọ, Director kú pẹ̀lú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn mọ́tò. Mo lè ní kó ya ilé sí i, kó ya obìnrin kan tó ń bu oúnjẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá mi ńkọ́? Ṣé irọ́ ni gbogbo Friday tó fi jókòó? Tí mi ò bá ṣe é, ṣé kí n jẹ́ kí bàbá arúgbó jókòó síwájú gbogbo ará ìlú rẹ̀, kó wo ara rẹ̀ bó ṣe ń kú sójú títì, kí wọ́n sì máa kì í? Àbí kí n bi í ní tèmi báyìí, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí? Tó bá wá dá mi lóhùn ńkọ́?

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ text mi pé oúnjẹ ti ń tutù, pé Daddy ní àwọn ò ní jẹun àfi tí mo bá wọlé. Mo ń wò ó láti inú mọ́tò. Ó ti gbé àga jáde, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bí ìyá mi ṣe máa ń jókòó gẹ́lẹ́ nílé wa ní Ẹ̀kìtì. Kò pè mí, ó kàn ń wo ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n ní ó délé?