Irin Tí Ẹ Gé Lẹ́nu Ìbọn Daddy

Uncle Akíndàmọ́lá,

Ẹ kú ilé o. Mo kí Auntie Ọláṣùmbọ̀ àtàwọn ọmọ, mo sì kí Ìyá Àgbà pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n. Mọ́mì ṣì ń ṣe iṣẹ́ shift ní Bramalea, ní Kánádà níbí. Ara Daddy ti ń yá, àmọ́ ọwọ́ wọn ṣì ń gbọ̀n.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni wọ́n fi ní kí n bá àwọn tún ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù wọn ṣe, èyí tí wọ́n rọ bíi ti ayé àtijọ́. Mo ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, mo pààrọ̀ spring rẹ̀. Ó wá ku pé ó ń yìn sókè jù, torí irin ìfojúsùn ẹnu rẹ̀, irin kékeré tí a fi ń wo ibi tí ọta máa bà, kúrú. Nígbà tí ẹ wá kí wa, ẹ mú fáìlì tí mo fi ń ha irin, ẹ tún gé e. Mo ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ṣe ló yẹ kó ga sí i." Ẹ ní, "Panu mọ́, ọmọ ọdẹ ni mí. Ohun tó bá ń yìn sókè, orí ẹ̀ là ń gé." Bí ọta ṣe ń fò kọjá orí pátákó tí à ń yìnbọn sí nìyẹn.

Ẹ wá délé, ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé obìnrin tó fọwọ́ kan ìbọn ló bà á jẹ́. Ìyá Àgbà ti ní kí Daddy gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ sọ òótọ́.

Mo ti fi irin gíga sí i. Àárín pátákó ló ń bà báyìí.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Tí ẹ bá tún wá, yàrá yín wà, oúnjẹ wà. Àpótí irinṣẹ́ nìkan ni mo tì pa.

Èmi ni,
Ìdẹ̀raolúwa