Ewì Òjò Tí Mo Jẹ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má wo ìkọ̀wé mi o, ẹ mọ̀ pé pírámárì náà ni mo kà mọ. Mo ti wọ ilé ọkọ, níbí ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Àbúrò yín ló jókòó sáyè yín, òun ló gbọ́wọ́ lé mi lórí súre. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju tiyín lọ.

Ṣé ẹ ṣì rántí akéwì orí rédíò yẹn? Bí ohùn rẹ̀ bá ti dún, ẹ ó dúró láàárín kòkó tí a sá, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí àkùkọ, kí ariwo kòkó má baà bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewì òjò rẹ̀ lẹ fẹ́ràn jù:

Òjò ń bọ̀, ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́,
bí ìyàwó tuntun tí ilé ọkọ kò tíì mọ́ lára.
Ó dé orí páànù, pàrà! pàrà! gbogbo ilé jí.

Ẹ kọ́ mi kí n rọra fa "jẹ́jẹ́" yẹn, kí n wá la ẹnu gbàgà bí mo bá dé "pàrà". Mo máa ń rò ó nígbà náà pé kí ló kan ìyàwó nínú ọ̀rọ̀ òjò. Mo ti mọ̀ báyìí. Láàárọ̀, n kì í fẹ́ kí ìkòkò dún, n kì í fẹ́ kí ìyá ọkọ mi gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Báwo ni akéwì yẹn ṣe mọ̀?

Bàbá, ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn ló ń pa mí lẹ́kún. Ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ ní kí n ka ewì òjò fún yín. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kún yàrá, ojú tì mí. Mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ná. Kí wọ́n tó lọ, ẹ ti sùn. Ẹ kò sì jí mọ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré! Ṣé ẹ dúró dè mí? Ṣé ẹ bínú?

Lánàá, gbogbo wa ń fẹsẹ̀ da kòkó nínú oòrùn, ọkọ mi ní kí n fi nǹkan kan dá wọn lára yá. Mo dijú, mo kà á. Mo rọra fa "jẹ́jẹ́" bí ẹ ti kọ́ mi. Ní "pàrà", mo pariwo débi pé àwọn adìyẹ fọ́nká. Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́: "Ìyàwó wa, àṣé o lẹ́nu báyìí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n tó mọ̀, ẹkún ti gba ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Àwọn tí n kò tíì mọ̀ tán gbọ́ ọ, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀ mí fún un ni kò gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tètè lanu.