Aáyù Lórí Ọmọ Mi

Olóòtú ètò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Festac ni mo wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Làpálàpá mú ọmọ mi lórí, ilé ìwé sì ní kó jókòó sílé títí á fi san. Dókítà fún wa lóògùn. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń ti Satellite Town wá bá mi tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, lọ aáyù, wọ́n fi pa á lórí. Aáyù jó ọmọ, ara ibẹ̀ ń bó. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lo òògùn dókítà nìkan." Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, aáyù tí à ń jẹ náà ló wá di májèlé? Sùúrù lo ò ní."

Òótọ́ ni, mi ò ní in. Ó ti rẹ̀ mí. Tí wọ́n bá bínú lọ, ta ló máa dúró ti ọmọ kí n lè lọ síbi iṣẹ́?

Màmá kì í fi ètò yín ṣeré. Ẹ̀yin àti olùgbọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé inú ọbẹ̀ ni kí aáyù wà. Tí wọ́n bá fura pé èmi ni, ẹ ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n ṣì máa bọ̀ lọ́la.