Kútọnu Ló Yẹ Kí N Sùn Lónìí

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù

Lọ́la ni wọ́n máa sá eré ọlọ́nà jíjìn tí mo ti ń múra sí ní Kútọnu; tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán òní, wọn ò gba orúkọ mọ́. Èmi rèé ní Ẹ̀gbẹ́dá, bàtà eré ni mo fi kó gọ́tà láàárọ̀.

Àná ni mo fẹ́ lọ sùn lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tá a jọ ń sáré, torí ìdájí òní ni mọ́tò wọn gbéra. Ọkọ mi ní, "Abilékọ wo ló ń sùn síta torí eré sísá? Dúró sílé, jàre. Màá sìn ẹ́ dé Ìyànà-Ìpájà ní ìdájí."

Mo gbà. Mo gbàgbé pé òní ni ìmọ́tótó àyíká, tí lánlọ́ọ̀dù kì í ṣí géètì títí aago mẹ́wàá. Mo bẹ lánlọ́ọ̀dù títí nídìí géètì ní ìdájí, ó ní:

"Ìyá Bọ́lá, ẹ lọ mú ìgbálẹ̀ yín."

Mo yíjú padà. Ọkọ mi na ìgbálẹ̀ tuntun kan sí mi, ó mú èkejì dání.

Àná ló ra méjèèjì.